Orí Kẹfà: Koríko Ló Ń Pe Màlúù Wá Sídìí Ẹ̀rọ

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ìsọ̀ kéékèèké ní Thomas Estate, ní Ajah, ti máa ń ṣí. Ọ̀rá mílíìkì pélébé-pélébé ni wọ́n máa ń fi kọ́ sójú ìsọ̀: Peak, Three Crowns, Cowbell. Awakọ̀ tó fẹ́ tètè kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bo títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ yóò ra ẹyọ kan sínú tíì. Ìyá ọlọ́mọ yóò ra méjì sínú ògì. Bí oòrùn bá ti ń mú, ẹni tó ń ta wàrà àti ẹni tó ń ta fùrá yóò gbé igbá wọn kọjá.

Ọ̀nà tí wàrà méjèèjì yìí gbà dé Ajah jìnnà síra. Èyí tó wà nínú igbá, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló fún un lára màlúù tó ń jẹko. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, ìyẹ̀fun tó gba orí òkun wá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn kankan ò kan ọmú màlúù náà nígbà tí wàrà ń jáde.

Láti 1954 ni Peak ti wọ Nàìjíríà. Ní 1973 ni wọ́n dá West African Milk Company sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAMCO, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọgbà, ní Ìkẹjà. FrieslandCampina ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lónìí, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́sìn màlúù tó fìdí kalẹ̀ sí Nẹ́dálándì. Nẹ́dálándì yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fún wàrà sí oko àgbẹ̀ fún iṣẹ́ gidi, ní 1992. Láti ìgbà náà ló ti tàn ká Yúróòpù, ó dé Amẹ́ríkà, ó dé Ọsirélíà àti New Zealand.

Inú ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ yìí, fún màlúù tó ń jẹun lójú kan. Ṣé ó lè bá màlúù tó ń jẹko ní pápá ṣiṣẹ́? Ṣé oko ọ̀gáníìkì, tí kì í lo ajílẹ̀ kẹ́míkà àti oògùn apakòkòrò, lè rí èrè nínú rẹ̀? Ìdáhùn tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti rí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ó fi hàn pé apá irin kọ́ ni iṣẹ́ náà dúró lé. Ètò koríko, omi àti ọ̀nà ló dúró lé.

Bí apá irin ṣe ń fún wàrà

Rọ́bọ́ọ̀tì ìfúnwàrà kì í lé màlúù kiri. Ojú kan ló wà, ibùdúró tó gba màlúù kan ṣoṣo, ó sì ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Màlúù ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀. Oúnjẹ oníhóró tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu ló ń fà á wọlé, èyí tí ẹ̀rọ ń dà sínú ọpọ́n níwọ̀nba bó ṣe tọ́ sí i. Àmì ìdánimọ̀ kan wà ní ọrùn tàbí etí rẹ̀. Bó ti ń wọlé ni ẹ̀rọ ń ka àmì náà, tó sì mọ màlúù tó jẹ́, ìgbà tó fún wàrà kẹ́yìn, àti iye tó yẹ kó wà lọ́mú rẹ̀. Bí kò bá tíì tó àkókò, géètì iwájú á ṣí, màlúù á sì máa bá tirẹ̀ lọ láìjẹ nǹkan kan.

Bó bá tó àkókò, apá irin á yọ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á fọ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iná lésà tàbí kámẹ́rà á wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí, apá náà á sì fi ife onírọ́bà bò wọ́n. Ọmú màlúù pín sí ọ̀nà mẹ́rin, wàrà ọ̀kan kì í sì í dà pọ̀ mọ́ ti èkejì nínú ara. Nítorí náà, ẹ̀rọ yìí máa ń já ife kúrò lórí ọmú tó bá ti gbẹ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń ṣàn. Ọwọ́ ẹ̀rọ àtijọ́, tí wọ́n ń já ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè ṣe èyí, ó sì máa ń pa ọmú tó tètè gbẹ lára.

Ẹ̀rọ náà tún ń yẹ wàrà wò bó ti ń ṣàn. Ọmú tó bá fẹ́ wú máa ń tú iyọ̀ púpọ̀ sínú wàrà, iná mànàmáná a sì máa gba inú irú wàrà bẹ́ẹ̀ kọjá ní wéréwéré. Rọ́bọ́ọ̀tì ń wọn èyí lórí ọmú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kí ojú tó rí ìwúlé náà. Wàrà tí kò dára á gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, kò ní dé táńkì. Láti ìwọlé dé ìjáde, bí ìṣẹ́jú méje ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Rọ́bọ́ọ̀tì kan lè tọ́jú bí ọgọ́ta màlúù. Nínú ilé, ìpíndọ́gba ìgbà tí màlúù kan ń lọ sídìí rẹ̀ lóòjọ́ wà láàárín méjì àbọ̀ sí mẹ́ta.

Nígbà tí màlúù bá wà ní pápá

Nínú ilé, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ibi tí màlúù dùbúlẹ̀ sí àti ìdí ẹ̀rọ. Ní pápá, ọ̀nà jìn. Ẹran agbo sì ni màlúù. Bí èyí tó ń ṣíwájú bá dìde, ìyókù á dìde. Bí wọ́n bá sì dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, kò sí èyí tó fẹ́ dá nìkan rìn lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni rọ́bọ́ọ̀tì lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọgọ́ta bá dé pa pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo ìṣẹ́jú méje, èyí tó kẹ́yìn á dúró fún nǹkan bíi wákàtí méje kó tó kàn án. Wákàtí méje tí kò fi jẹko, tí kò fi sinmi.

Ní Swídìn, níbi tí òfin 1988 ti fi lélẹ̀ pé màlúù oníwàrà gbọ́dọ̀ jáde lọ jẹko nígbà oòrùn, àwọn onímọ̀ fi pápá tó wà ní mítà 50 sí ẹ̀rọ wé èyí tó wà ní mítà 260. Ìwádìí náà jáde ní 2004. Àwọn màlúù tó jìnnà kì í wá fún wàrà tó àwọn tó wà nítòsí, wàrà wọn náà sì dín. Mítà 260 kì í ṣe ọ̀nà àjò. Ẹni tó bá rìn láti géètì ẹ̀sítéètì kan lọ sí títì lè ti rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó tó láti mú kí màlúù rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ará New Zealand kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Koríko pápá ni ìpìlẹ̀ ọ̀sìn wàrà tiwọn, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ lè bá àṣà náà mu. Ní 2001, ilé iṣẹ́ ìwádìí Dexcel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Greenfield nítòsí ìlú Hamilton. Yunifásítì Sydney àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ètò FutureDairy ní Camden, ní Ọsirélíà. Teagasc, ilé iṣẹ́ ìwádìí àgbẹ̀ ní Írẹ́lándì, gbé tiwọn kalẹ̀ sí Moorepark. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan gbé rọ́bọ́ọ̀tì méjì sí pápá ibùdó ìwádìí Kellogg ní 2009.

Ọgbọ́n tó wá di àmúlò jù lọ lọ́dọ̀ wọn rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n pín ilẹ̀ ìjẹko sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n kọ́ ibùdó ẹ̀rọ sí àárín, wọ́n sì fi ọgbà yí ìpín kọ̀ọ̀kan ká. Láàárọ̀, koríko tútù wà ní ìpín àkọ́kọ́. Tó bá di ọ̀sán, ìpín kejì á ṣí. Tó bá di alẹ́, ìpín kẹta á ṣí. Màlúù tó ti jẹ koríko ibi tó wà tán á ronú kan ibi tí tútù wà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀ àfi kó kọjá láàárín. Bó bá dé àárín, géètì tó ń ka àmì ọrùn rẹ̀ á pinnu fún un: bí àkókò wàrà rẹ̀ bá ti tó, ọ̀nà ìdí ẹ̀rọ ló máa ṣí, bí kò bá tíì tó, ọ̀nà pápá tuntun.

Àwọn màlúù kì í sì í ronú kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Oníwọra á kọ́kọ́ wá, onísùúrù á tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi orí kàn á dúró títí ọ̀nà á fi dá. Bí agbo ṣe ń já sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, láìsí pàṣán, láìsí ariwo.

Gbogbo iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ ẹni tó ń wọn koríko. Bó bá fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ ní ìpín kan, àwọn màlúù á yó síbẹ̀, wọ́n á dùbúlẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì á sì wà lófìfo fún wákàtí bíi mélòó kan. Bó bá kéré jù, gbogbo wọn á rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan, ebi á sì ti mú wàrà wọn dín. Àgbẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ jíjí láago mẹ́rin òru láti fún wàrà kò bọ́ lọ́wọ́ rírìn nínú pápá lójoojúmọ́ láti wo ìga koríko. Níbi tí ètò yìí ti gún régé pàápàá, màlúù pápá kì í sábà wá tó ti inú ilé. Lọ́pọ̀ oko, ìpíndọ́gba wọn kì í pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Àwọn àgbẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí koríko tí màlúù fi ẹnu ara rẹ̀ já kò ná wọn tó oúnjẹ tí wọ́n rà.

Òfin ọ̀gáníìkì

Àmì ọ̀gáníìkì lára páálí wàrà ní òfin tó ń ṣọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó jáde ní 2010 sọ pé màlúù ọ̀gáníìkì gbọ́dọ̀ jẹko fún ọjọ́ 120 ó kéré tán lọ́dún, kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, lára oúnjẹ tó ń jẹ lásìkò ìjẹko, bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò, sì ti pápá wá. Ní Yúróòpù, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, lára oúnjẹ rẹ̀ ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko àti irú rẹ̀. Nẹ́dálándì pàápàá ní wàrà kan tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bíi wàrà pápá, kódà bí kò bá jẹ́ ti ọ̀gáníìkì: màlúù tó mú un wá gbọ́dọ̀ ti jẹko fún ọjọ́ 120 lọ́dún, wákàtí mẹ́fà lóòjọ́.

Ibí ni òfin àti ẹ̀rọ ti kọlu ara wọn. Oúnjẹ oníhóró ni rọ́bọ́ọ̀tì fi ń tan màlúù wọlé, oúnjẹ oníhóró gan-an sì ni ọ̀gáníìkì ń dín kù, nítorí òfin àti nítorí owó, torí pé èyí tí wọ́n gbìn láìlo kẹ́míkà wọ́n púpọ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ ọ̀gáníìkì kò ní ìjẹ tó pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi koríko tútù pe màlúù, ó sì lè fi omi pè é: àwọn kan máa ń gbé omi mímu sí ìtòsí ẹ̀rọ nìkan bí ọ̀nà kò bá jìn jù.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn wà níbẹ̀ tó jẹ́ èrè ńlá. Ní Amẹ́ríkà, màlúù tó bá ti gba oògùn apakòkòrò àrùn, ìyẹn antibáyọ́tíìkì, kò lè mú wàrà ọ̀gáníìkì wá mọ́ láyé rẹ̀; bẹ́ẹ̀, òfin kan náà kò gba àgbẹ̀ láyè láti fi oògùn du ẹran tó ń jìyà. Ní Yúróòpù, wọ́n lè lò ó níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì àkókò tí òfin sọ ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi dúró kó tó ta wàrà náà. Fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó lè sọ pé ọmú ẹ̀yìn apá òsì ti ń yàtọ̀ lánàá ṣeyebíye. Àgbẹ̀ náà lè tètè fún ọmú náà léraléra, kó fọ̀ ọ́, kó ya màlúù náà sọ́tọ̀, kí àìsàn tó di ti oògùn.

Ìsẹ́yìn, Ọ̀dẹ̀dá àti gáà

Ibi tí wàrà ilẹ̀ Yorùbá ti ń jáde jù ni gáà àwọn Fúlàní, pàápàá ní Òkè-Ògùn. Láti 2010 ni WAMCO ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti Fáṣọlá, tí wọ́n fi ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn. Ọ̀kadà ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì wàrà láti gáà dé ibùdó táńkì atútù, níbi tí wọ́n ti ń dán an wò kí wọ́n tó gbà á. Fan Milk náà ti gbé oko ọ̀sìn kalẹ̀ sí Ọ̀dẹ̀dá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2005, àwọn àgbẹ̀ tó kúrò ní Zimbabwe tẹ̀dó sí Ṣọ́ńgà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀sìn màlúù oníwàrà sì wà lára iṣẹ́ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ló lè máa gba owó òkèèrè láti kó mílíìkì wọlé, nítorí wọ́n ti ń ṣe ìsapá láti mú wàrà jáde nílé. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó wà láàárín gáà àti rọ́bọ́ọ̀tì ni màlúù fúnra rẹ̀. Bùnájì, màlúù funfun oníwo gígùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kì í sábà sọ wàrà sílẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ mu ún. Ẹni tó ń fún un á jẹ́ kí ọmọ náà fa ọmú díẹ̀, á so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kó tó wá fi ọwọ́ fún tirẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì kò ní àyè fún ọmọ màlúù. Ohun tó sì máa ń kù fún ènìyàn lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tirẹ̀ kì í sábà ju lítà kan tàbí méjì lọ lóòjọ́. Bí ọgọ́ta Bùnájì bá ń lọ sídìí rọ́bọ́ọ̀tì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú lítà méjì wá, lítà 120 ni lóòjọ́. Ọgọ́ta màlúù Holstein, ẹ̀yà oníwàrà ilẹ̀ òkèèrè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú lítà 25 wá yóò kó 1,500 jọ. Ẹ̀rọ kan náà ni, owó rẹ̀ sì lè lé ní 150,000 dọ́là.

Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ni pé kí wọ́n kó Holstein wá. Ṣùgbọ́n ooru ń bá Holstein jà, eṣinṣin tsetse ilẹ̀ ọlọ́rinrin sì ń gbé àrùn tí ara rẹ̀ kò mọ̀ wá bá a. Àgbẹ̀ tó bá ní ọ̀gáníìkì lòun ń ṣe kò lè máa da oògùn bò ó lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé kí wọ́n máa fi akọ màlúù oníwàrà ilẹ̀ òkèèrè gun Bùnájì, kí ọmọ jogún wàrà lọ́dọ̀ baba, kó sì jogún ìfaradà lọ́dọ̀ ìyá.

Ìṣòro kejì ni iná. Àwọn olùgbé Thomas Estate mọ ohun tí ó ń ná wọn láti fi jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà mú fìríìjì kan tutù. Oko rọ́bọ́ọ̀tì nílò iná fún ẹ̀rọ afàmú, fún kọ̀ǹpútà, fún omi gbígbóná tó ń fọ páìpù, àti fún táńkì tó ń mú wàrà wá sí ìwọ̀n ooru mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, wàrà á bàjẹ́, ọmú tó kún á sì máa ro màlúù. Iná oòrùn àti bátìrì lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣeé mú lò nísinsìnyí

Òfin ti yí ọ̀nà ìjẹko padà ní ilẹ̀ Yorùbá. Èkìtì fòfin de ìjẹko ní gbangba ní 2016, Ọ̀yọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu sì fọwọ́ sí ti Èkó ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ló bí àwọn òfin náà, ẹ̀mí tó bá a lọ kò kéré. Ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù lónìí gbọ́dọ̀ fi ọgbà yí ilẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí bí ẹni pé màlúù gbọ́dọ̀ wọ ilé lọ títí láé. Oko Camden àti Moorepark fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà: màlúù lè wà nínú ọgbà, kó máa rìn, kó máa jẹ koríko tútù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, láìfẹsẹ̀ kan oko ẹnikẹ́ni.

Ètò ìpín mẹ́ta yẹn kò nílò rọ́bọ́ọ̀tì kó tó wúlò. Ọgbà, omi ní àárín, ibòji, àti ẹni tó mọ koríko wọ̀n ló nílò. Ibi tí ẹ̀rọ ì bá wà, ọwọ́ lè wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀rọ afàmú kékeré oníkẹ́ẹ̀gì, kí ọmọ màlúù sì dúró nítòsí. Eèsún ń hù dáadáa nígbà òjò. Wọ́n lè gé èyí tó ṣẹ́kù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú kòtò, kí wọ́n sì bò ó kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́, kó lè di oúnjẹ fún oṣù tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú ní Òkè-Ògùn. Nítorí ooru ọ̀sán, ó yẹ kí ìpín tó ní koríko jù jẹ́ ti alẹ́, nígbà tí ara ń tu màlúù, tí ẹnu rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ọgbà tó lágbára ló lè mú èyí ṣeé ṣe láìbẹ̀rù olè.

Ìmọ̀ ọ̀gáníìkì kò sì jìnnà. Láti 2004 ni ètò kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ọ̀gáníìkì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fìdí múlẹ̀ ní Yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fi ọgbà pín ilẹ̀ sí mẹ́ta, kí wọ́n kó Bùnájì àti ọmọ àdàlù rẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ gbogbo lítà àti gbogbo ìṣísẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni tó lọ ra apá irin.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìṣirò náà. Ní gáà, obìnrin ló sábà máa ń ni owó wàrà. Òun ló ń fi ewé bọmubọmu mú wàrà dì, òun ló ń gbé e lọ sí ọjà, owó rẹ̀ ló sì ń di iyọ̀, aṣọ àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí táńkì, ọ̀kadà àti kọ̀ǹpútà bá wọ inú ọ̀rọ̀, owó lè yí gba ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ọkùnrin sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibùdó tó bá ń gba wàrà lè yẹra fún èyí láti ọjọ́ kìíní: kí wọ́n ṣí àkáǹtì ní orúkọ obìnrin tó gbé wàrà wá, kí wọ́n kọ iye lítà rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà ọwọ́ tirẹ̀ ló fún wàrà náà tàbí apá irin kan tí yóò dé lọ́jọ́ iwájú.